Ààrẹ Jùwọ́nlọ àti Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Ìkíni

Ẹ wá ibi jókòó sí kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí orúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí gùn, bí ènìyàn bá dúró gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ á dùn ún. Òun ni Olóyè Dókítà Ẹnjinníà Ọláṣùpọ̀ Jùwọ́nlọ, Ààrẹ Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Ọlọ́pẹ̀yìnbó, Baba Ìsàlẹ̀ Àwọn Awakọ̀ Akẹ́rù, Ìmọ́lẹ̀ Fìdítì àti Agbègbè Rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti gba Dókítà. Ní ti Ẹnjinníà, òun fúnra rẹ̀ sọ pé ọjọ́ tí òun tún jẹnẹrétọ̀ ilé òun ṣe, tí ó sì dáhùn, ni oyè náà ti wọ òun lára.

Ẹgbẹ́ yìí ní ilé-iṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú Fìdítì, níbi tí wọ́n ti ń fún omi ọ̀pẹ̀yìnbó, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú ìgò. Àwọn òyìnbó tí ó kọ́ ọ láyé àtijọ́ gbé kọ̀ǹpútà kan sí i tí ó tó kọ́bọ́ọ̀dù méjì, pé òun ni kí ó máa pàṣẹ fún ìkòkò ńlá: ìgbà tí yóò gbóná, ìgbà tí yóò tutù, ìgbà tí omi yóò ṣàn sínú ìgò. Nígbà tí ó yá, òyìnbó lọ, kọ̀ǹpútà kú, ikán jẹ ìdí rẹ̀, ọmọńlé sì yé ẹyin sínú rẹ̀. Ìkòkò ńlá kò ní àrùn kankan, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò pàṣẹ fún un mọ́.

Ní ìpàdé àwọn àgbẹ̀, Ìyá Ọyálọ́lá dìde. Ìwàrè ni ó ti wá, oko rẹ̀ sì tóbi ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Ó ní, "Ààrẹ, ọ̀pẹ̀yìnbó tún ń pọ́n bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, mọ́tò àwọn oníbàárà ò wá, èso wa rà sójú ọ̀nà, àwa àti eṣinṣin la jọ pín in. Bí ilé-iṣẹ́ yìí ò bá ṣiṣẹ́ nígbà tí ti ọdún yìí bá pọ́n, ẹ ó dìde lórí àga yẹn." Gbogbo àgbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ààrẹ náà pàtẹ́wọ́, ó tilẹ̀ tẹrí ba díẹ̀, nítorí ó ti mọ́ ọn lára pé bí àtẹ́wọ́ bá ti dún, òun ni wọ́n ń yìn.

Ìgbà tí ó délé ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ létí. Ẹ má bínú sí mi bí mo bá ṣàánú rẹ̀ díẹ̀ níbí, nítorí ẹ̀rù bà á gidi. Tìtorí àga yẹn ni àwọn ènìyàn ṣe ń gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, tìtorí rẹ̀ ni Mùhámmẹ́d awakọ̀ rẹ̀ ṣe ń sáré wá ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Ọkùnrin yìí kò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò mọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe Tahirah, ọmọ Ìlọrà tí ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni ìfẹ́ ọmọbìnrin yìí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í pẹ́ sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fún un ní téèpù tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀, ó gbé e lọ. Nígbà tí ó padà dé, láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni ó gbé dání.

"Ẹ̀rọ náà dà?" Ààrẹ bi í.

"Inú èyí ló wà, sà."

"Èyí tó tó kọ́bọ́ọ̀dù méjì?"

"Kì í ṣe irin rẹ̀, sà. Mo ṣe láptọ́ọ̀pù yìí kó máa díbọ́n bíi kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ni. Ó ní téèpù irọ́, ó ní díìsìkì irọ́. Unix, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo rẹ̀ láyé ìgbà náà, mo ti tò ó sínú ẹ̀rọ irọ́ yẹn láti orí téèpù, ó sì ti jí. Kò mọ̀ pé ayé ti yí padà. Ó gbà pé inú irin ńlá lòun ṣì wà."

Ààrẹ mi orí, ó ní ó mà ṣe o, kí nǹkan máa gbé inú irọ́ kó má sì mọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Àṣẹ àkọ́kọ́ tí ó pa ni pé ẹ̀rọ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ má ní yàrá. Tahirah ṣàlàyé títí pé kò sí ohun tí wọ́n máa gbé sínú yàrá náà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ, wọ́n kùn ún, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù méjì sí i kí ooru má baà mú ẹ̀rọ tí kò sí níbẹ̀, wọ́n sì gba mégáàdì tí ń ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ wá wò ó, akọ̀wé ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntúndé, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá òfìfo náà, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Háà! Ẹ̀rọ yìí mà fẹ̀ o!" Akọ̀wé yìí lè yin ènìyàn lójú oorun. Àwọn yòókù náà bọ́ fìlà, wọ́n sì rọra ń rìn létí ògiri kí wọ́n má baà kọ lù ú.

Lẹ́yìn èyí ni Tahirah jókòó láti fi ẹ̀rọ náà han Ààrẹ. Ó tẹ àṣẹ kan, ó ní kí ó da ẹ̀dà nǹkan kan kọ. Àmì kékeré kan yọ lójú láptọ́ọ̀pù, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń ṣẹ́jú.

"Ó ti ṣe é, sà."

"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan. Bó bá ti ṣe iṣẹ́ tó sì yọrí, kì í sọ̀rọ̀. Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ló máa ń fọhùn."

Ojú Ààrẹ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹ sì mọ̀ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó jókòó, a ó kí i kú ìjókòó. Ẹni tó dúró, a ó kí i kú ìdúró. Òjò rọ̀, a ó kí ara wa. Òjò kọ̀, a ó tún kí ara wa. Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí ó jẹ́ ẹ tán tí ó wá dúró tí ń ṣẹ́jú lásán, ìyá rẹ̀ ni wọ́n á bú. Ààrẹ Jùwọ́nlọ wo àmì náà, àmì náà wò ó. Inú bí i débi pé ó pe ìpàdé pàjáwìrì.

Nínú ìpàdé yìí ni ìjọ̀ngbọ̀n ti bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fẹnu kò pé ó yẹ kí ìkíni wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ kí ẹnìkejì? Wọ́n bi Tahirah ní ọjọ́ orí ẹ̀rọ náà. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dáhùn pé Unix ti wà láyé kí ìyá Ààrẹ tó fojú kan bàbá Ààrẹ.

Àwọn ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, Ààrẹ ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún láptọ́ọ̀pù. Ààrẹ fúnra rẹ̀ ń fojú wọn ilẹ̀ tí ó wà láàárín àga rẹ̀ àti tábìlì, òógùn sì bò ó. Àfi ìgbà tí Ọ̀ṣuntúndé gbé ọwọ́ sókè.

"Olóyè Dókítà Ẹnjinníà, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ la fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n bí èyí sínú láptọ́ọ̀pù? Kò tíì tó oṣù mẹ́ta! Ọmọ ọwọ́ ni, sà! Ọmọ ọwọ́ á wá ní kí Ààrẹ kí òun?"

Inú ìgbìmọ̀ dùn, wọ́n gbé akọ̀wé sókè díẹ̀. Wọ́n pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, kí ẹ̀rọ máa kí Ààrẹ bí ó bá ti fojú kàn án, kí ó kí i kí ó tó ṣe iṣẹ́, kí ó tún kí i bí ó bá ṣe é tán, pẹ̀lú gbogbo oyè láìgé ọ̀kan kúrò, kí ó sì máa tọ́jú ẹ̀dà ìkíni kọ̀ọ̀kan sí ikùn rẹ̀ kí ó má baà sẹ́ lọ́jọ́ iwájú.

"Sà, ikùn rẹ̀ kéré," Tahirah wí. "Díìsìkì ayé àtijọ́ ni. Fọ́tò kan péré nínú fóònù yín, kò ní gbà á. N ò sì lè fún un ní èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe."

"Orúkọ mi ni yóò wá kún un?"

"Orúkọ rere," ni Ọ̀ṣuntúndé fi dá sí ọ̀rọ̀ náà, "ó sàn ju wúrà òun fàdákà lọ." Kò sẹ́ni tí ó sọ pé orúkọ rere kì í gba àyè, ṣùgbọ́n ohun tí ìgbìmọ̀ gbọ́ nìyẹn.

Wàhálà kejì tún wá dé. Ààrẹ gbọ́ pé ẹnìkan wà nínú Unix tí wọ́n ń pè ní root, tí ohun tí ó bá sọ jẹ́ abẹ gé, tí ẹnikẹ́ni kò lè yí àṣẹ rẹ̀ padà. Ó ní èèwọ̀, ẹnìkan kò lè wà lókè òun nínú ilé-iṣẹ́ òun, kí wọ́n gbé ipò náà fún òun kíá. Tahirah kọ̀. Wọ́n pè é lóròòwúrọ̀, wọ́n pè é ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n rán ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sí i. Nígbà tí ó sú u, ó sọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà fún Ààrẹ. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn, n kò ní bá a bò ó.

Ààrẹ kì í fi lẹ́tà kékeré kọ nǹkan tí ó bá ti kan òun, nítorí náà lẹ́tà ńlá ni ó fi wọlé. Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà ńlá dá a lóhùn. Ọ̀ṣuntúndé pariwo, "Ẹ ò rí i? Ó ti mọ ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀!"

"Kò rí bẹ́ẹ̀, sà," Tahirah wí. "Nígbà ayé rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà tí kò ní lẹ́tà kékeré. Ó rò pé irú ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín ni. Ó ń mú un rọrùn fún yín."

Ààrẹ kò gbọ́. Ohun tí ó ń kà ló gba ọkàn rẹ̀: Ẹ KÁÀBỌ̀ OLÓYÈ DÓKÍTÀ ẸNJINNÍÀ, ÌMỌ́LẸ̀ FÌDÍTÌ, ÀGBÀ KÌ Í TÁN LÓRÍ ILẸ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹ̀sín sílẹ̀ díẹ̀, ojú ọkùnrin náà rọ̀ nígbà tí ó kà á, bí ojú ọmọ tí wọ́n fún ní ẹran. Àwọn ènìyàn ń kí i nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ gbà. Èyí kò fẹ́ gba nǹkan kan.

Tahirah fi wáyà so láptọ́ọ̀pù náà mọ́ ìkòkò, wọ́n sì dán an wò. Ẹ̀rọ pàṣẹ, ìkòkò gbóná, omi ọ̀pẹ̀yìnbó ṣàn sínú ìgò, adùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ìgbà òyìnbó. Tahirah bú sẹ́kún ayọ̀, kò sì tijú. Ó dá ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ilé-iṣẹ́ náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́, ó sì padà s'Íbàdàn síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Ààrẹ ti wà nídìí ẹ̀rọ. Kò ní iṣẹ́ kankan tí ó fẹ́ fi rán an. Ó kàn wọlé kí ó lè kí i ni. Ó jáde, ó tún wọlé. Ó rán an ní iṣẹ́ tí kò nídìí, kí ó lè kí i kú iṣẹ́, kí ó sì tún kí i kú àṣeyọrí. Ó ń ṣe é kí ó tó jẹun, ó ń ṣe é lẹ́yìn tí ó bá jẹun tán. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ta ni ó ń lọ rí níbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ní ẹni tí ó mọyì òun ni. Gbogbo ìkíni wọ̀nyẹn, ẹ̀rọ ń kó wọn sí ikùn bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un.

Ọjọ́ ìṣílé wá kò. Láti Akínmọ̀ọ́rìn, láti Ìwàrè, láti Jọ́bẹ̀lẹ̀, ọ̀kadà ń gbé apẹ̀rẹ̀ ọ̀pẹ̀yìnbó wá, èyí tí ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí kò lè di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Wọ́n kó o jọ síwájú ilé-iṣẹ́ títí ó fi ga ju ènìyàn lọ. Oyin ti ń kùn lórí rẹ̀. Ààrẹ ti ní kí wọ́n gbé aṣọ funfun ńlá kan kọ́, kí ohun tí ó wà lójú láptọ́ọ̀pù lè hàn níbẹ̀, kí gbogbo ayé lè ka ìkíni. Ó dìde nínú agbádá, ó kọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́ makirofóònù.

"Ẹ̀yin lọ́balọ́ba, ẹ̀yin lóyèlóyè, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin èso tí ẹ kó ara yín jọ síwájú mi! Àwọn kan ní kò ṣeé ṣe. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣòro náà kí n fi ẹ̀yìn eyín fọ́ ọ. Òyìnbó lọ, mo dúró! Kọ̀ǹpútà kú, mo jí i! Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló jí òkú ní Fìdítì, kí lẹ ó wí?"

"Ẹ̀yin ni!" Ọ̀ṣuntúndé nìkan ni ó dáhùn. Ìyá Ọyálọ́lá ní, "Ẹ tan iná sí ìkòkò, ẹ jọ̀ọ́, oòrùn ń pa èso wa."

Ààrẹ wọlé sínú ẹ̀rọ, ó tẹ àṣẹ. Ẹ̀rọ náà ya ẹnu láti kí i, kò lè kí i tán. Lẹ́tà ńláńlá yọ lára aṣọ funfun pé kò sí àyè mọ́. Ó tún un tẹ̀. Kò sí àyè.

Tahirah, tí ó ti Ìbàdàn wá fún ìṣílé náà, ti sáré dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ìkíni ló kún un, sà! Ẹ jẹ́ kí n pa díẹ̀ rẹ́ níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni, ìkòkò á ṣiṣẹ́."

Ẹ wò ó bí ọ̀nà àbáyọ ṣe súnmọ́ ọkùnrin yìí tó. Ẹ̀bá ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà. Ó kàn ní láti ní "Ó dáa" ni. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí aṣọ funfun, ó rí gbogbo àgbẹ̀ tí ń wò ó, ó sì rò ó bí yóò ti rí kí ọmọbìnrin máa pa orúkọ òun rẹ́ ní gbangba, lórí aṣọ tí òun fi owó ẹgbẹ́ rà. Ó ní, "Orúkọ mi? Láéláé! Kúrò níbẹ̀. Èmi ni root."

Ó mú kí ẹ̀rọ to gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ kéékèèké ni wọ́n: bin, etc, lib, usr. Ọ̀kan ṣoṣo tí ó dá mọ̀ ni aare, ibi tí ìkíni rẹ̀ wà. Inú bí i. "Ta ni bin? Ta ni lib? Agboolé wo ni wọ́n ti wá ní Fìdítì? Àwọn àjèjì ti gba ilé tán, ẹ wá ní kí n lé onílé jáde!"

"Ẹ má ṣe é, sà! Àwọn gan-an ni ẹ̀rọ ọ̀hún! Bí ẹ bá—"

"Ta ló ń bá Ààrẹ sọ̀rọ̀ báyẹn?" Ọ̀ṣuntúndé kígbe, ó sì fi ara dí i lọ́nà.

Ààrẹ ti rí bí Tahirah ṣe máa ń fi lẹ́tà méjì, rm, pa nǹkan rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì to orúkọ gbogbo wọn tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo wọn àfi ti aare. Ẹ̀rọ náà kò bi í ní ìbéèrè kankan, nítorí kì í bi root. Ó ṣe é, ó sì dákẹ́.

"Ẹ rí i?" Ààrẹ yíjú sí èrò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Wọn ò lè fọhùn!" Ó wá tẹ àṣẹ tí ìkòkò fi ń gbóná. Ẹ̀rọ ní òun kò rí nǹkan tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ àṣẹ mìíràn. Ẹ̀rọ ní òun kò rí i. Ó tẹ gbogbo èyí tí ó mọ̀, kò rí ọ̀kankan. Ó wá gbá orúkọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń pe ẹlẹ́rìí: AARE. Ẹ̀rọ fi lẹ́tà ńlá dá a lóhùn pé òun kò rí Ààrẹ.

Àwọn tí ó mọ̀wé kà á fún àwọn tí kò mọ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì ń bọ̀ wá síwájú. Àwọn kan mú inú dání. Ìyá Ọyálọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó bi Tahirah pé kí ló kù nínú ẹ̀rọ. Tahirah ní orúkọ Ààrẹ nìkan ló kù.

"Ṣé orúkọ Ààrẹ lè se ọ̀pẹ̀yìnbó?"

"Rárá, mà."

Obìnrin náà yíjú sí àwọn àgbẹ̀. "Ẹ̀yin ará, èso pọ́n, ìkòkò tutù. A ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, ẹ sì pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá ní kí ọkùnrin yìí ṣì jókòó, kó wá gbé èso tèmi lọ kó fún mi lówó ẹ̀." Kò sẹ́ni tí ó jáde. Wọ́n gbé àga náà kúrò lábẹ́ ìbòòji, wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ sí orí rẹ̀ kí ìdí èso má baà kan ilẹ̀ gbígbóná.

Tahirah ní téèpù ṣì wà lọ́dọ̀ òun, òun lè tún gbogbo rẹ̀ tò. "Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mà, kò ní kí ẹnikẹ́ni o."

"Kí la fẹ́ fi ìkíni rẹ̀ ṣe? Kó sáà sè é." Kí wọ́n tó kírun àsárì, èéfín ti yọ lórí ilé-iṣẹ́. Ọ̀ṣuntúndé ti wà lẹ́yìn Ìyá Ọyálọ́lá, ó ń ní, "Ààrẹ wa tuntun, Ìràwọ̀ Ìwàrè!" Obìnrin náà ní kí ó gbé apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yẹn wọlé.

Jùwọ́nlọ jáde sí títì, ó wá mọ́tò rẹ̀. Mọ́tò ẹgbẹ́ ni. Mùhámmẹ́d ti gbé e lọ kó èso ní Akínmọ̀ọ́rìn. Ó dúró nínú oòrùn títí ọlọ́kadà kan fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ ìlú kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdálẹ̀ dé.

"Bàbá, ibo?"

"Ṣé o kò mọ̀ mí ni? Èmi ni Olóyè Dókítà Ẹnjinníà Ọláṣùpọ̀..."

"Ẹ má bínú, bàbá, n ò bi yín lórúkọ. Ibi tí ẹ ń lọ ni mo bi yín."

Ọ́fíìsì kò sí mọ́. Ó ní, "Ilé."

"Ilé ta ni?"

Ó wo ẹ̀yìn, kò sí ẹni tí yóò bá a dáhùn. Ó rọ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ilé Ṣùpọ̀."

Ojú ọmọ náà là. "Ṣùpọ̀ ọmọ Ìyá Elépo? Ṣé ẹ̀yin ni? Wọ́n máa ń dárúkọ yín dáadáa lágboolé wa o. Ẹ gòkè, mo mọ ibẹ̀."